Ọmọ Tí Ṣubúọlá Fi Pamọ́

Nígbà tí Mùdáṣírù Ògúnlànà kọ́kọ́ fojú kan Ṣubúọlá, ńṣe ni obìnrin náà na apá rẹ̀ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà yàrá, tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pinpin bí ẹni tí olè ká mọ́lé. Òwú funfun rọ̀ mọ́ irun rẹ̀, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín ètè rẹ̀ tí kò rántí yọ. Ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì là kedere bí ojú àgbọ̀nrín tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọdẹ. Mùdáṣírù ti wọ ilé bí ogún láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sí èyí tó mú un dúró. Ẹnu ọ̀nà yìí ló ti dúró.

Wolé-wolé ni. Ìjọba ló fún un ní ṣòkòtò péńpé kakí, àkẹtẹ̀ líle, àti ìwé gbọọrọ tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá ṣẹ̀ sí. Bí àwọn obìnrin Ìsọlọ̀ bá ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè, wọ́n á máa sáré da omi ìkòkò nù, kó má baà bá tanwíjí tó ń di ẹ̀fọn nínú rẹ̀. Ọdún 1956 là ń wí yìí, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, tí gbogbo òbí sì ń wá ẹni tó máa rán yunifọ́ọ̀mù fọ́mọ wọn. Ṣubúọlá, opó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ló ń rán púpọ̀ nínú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ yà fún mi," ni Mùdáṣírù wí. "Mo fẹ́ wo ìkòkò omi inú yàrá yín."

Ṣubúọlá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Kò sí ìkòkò níbẹ̀ sà."

"Kí ló wá wà níbẹ̀?"

"Aṣọ ni sà. Aṣọ oníbàárà."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni nǹkan kan ré lulẹ̀ nínú yàrá, gbàù! Ohùn kan tẹ̀ lé e, ohùn ọmọdé tó ń kérora láìsí ọ̀rọ̀.

"Aṣọ yín ń sunkún o," ni Mùdáṣírù wí, ó rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. "Ẹ dákun sà, nítorí Ọlọ́run, ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé yẹn."

Mùdáṣírù rọra tẹ ilẹ̀kùn, ó wọlé. Wọ́n ti fi páálí dí fèrèsé, yàrá ṣókùnkùn. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó rí ọmọbìnrin kékeré kan lórí ẹní, tí wọ́n fi ọ̀já so ìbàdí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Abọ́ tánganran kan ti dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Itọ́ ń ṣàn sí àyà rẹ̀, orí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo àkẹtẹ̀ òyìnbó náà títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Wolé-wolé ṣí àkẹtẹ̀ lórí. Ó tẹjú mọ́ ọmọ náà, Ṣubúọlá sì rò pé ìbínú ni.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ìbídùn."

"Ó tó ọdún mélòó?"

"Ó ti lé ní mẹ́rin sà. Ó pé ọdún mẹ́ta kó tó rìn. Kò tíì lè pè mí ní ìyá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dè é mọ́lẹ̀?"

Omijé bọ́ lójú Ṣubúọlá. "Ìyàwó onílé wa ní òun kò gbọdọ̀ rí i lójúde. Ó ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni, pé òun ló pa bàbá ẹ̀. Tí mo bá sì ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó máa bá mi mójú tó o. Ẹ̀rù ọkọ̀ ojú títì ń bà mí. Ẹ̀rù àwọn èèyàn gan-an ń bà mí ju ọkọ̀ lọ."

Mùdáṣírù bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ náà dìde. "Mo ti rí irú ẹ̀ rí," ló sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pa ìwé dé, ó jáde, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì wo ìkòkò ẹnikẹ́ni mọ́ lágbolé náà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni oúnjẹ kò fi lọ lọ́nà ọ̀fun Ṣubúọlá. Bí aago kẹ̀kẹ́ bá dún lójú títì, àyà rẹ̀ á já. Ó gbà nínú ara rẹ̀ pé wolé-wolé ti lọ fẹjọ́ sùn, pé mọ́tò ìjọba kan máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì já Ìbídùn gbà lọ́wọ́ òun lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn wèrè sí. Lọ́jọ́ kẹta, ó di ẹrù méjì. Ó dì í tán, ó jókòó lé e lórí, nítorí kò mọ ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, Mùdáṣírù dé. Kò wọ kakí. Bùbá funfun àti fìlà ló wọ̀, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Ó rí ẹrù nílẹ̀.

"Ìyá Ìbídùn, ẹ̀ ń rìnrìn àjò ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ibo lẹ ń lọ?"

Ṣubúọlá wolẹ̀. "Mi ò tíì mọ̀."

"Tí ẹ ò bá tíì mọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ síbi tí èmi mọ̀." Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùn, ó ń tú ọ̀já. "Kì í ṣe ìjọba ló rán mi wá. Ẹsẹ̀ ara mi ló gbé mi wá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà ní Ailegun, Màmá Ọmọ́níkẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn ọmọ tí kì í tètè mọ nǹkan, kó tó fẹ̀yìn tì. Mo bá a sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní ká gbé e wá."

"Lójú ọ̀sán gangan báyìí? Kí gbogbo ayé rí i?"

"Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi ló máa jókòó sí. Ta ló máa bú ọmọ tó jókòó sẹ́yìn wolé-wolé? Gbogbo wọn ló ní ìkòkò nílé."

Ṣubúọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù kò jẹ́. Ó fi gèlè bojú. Mùdáṣírù kò gun kẹ̀kẹ́, ó ń tì í ni, ó fi ọwọ́ kan di Ìbídùn mú. Gbogbo ojúlé tí wọ́n ń kọjá ni ìyá ọmọ náà ń retí òkúta tàbí èébú. Obìnrin kan tó ń sá gbágùúdá sórí àpáta gbójú sókè. "Ẹ kú ìrìn o," ni obìnrin náà wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbídùn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ pípẹ́, ń rẹ́rìn-ín kíkankíkan títí wọ́n fi dé Ailegun.

Màmá Ọmọ́níkẹ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fún ọmọ náà ní ife àti ṣíbí, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ó pẹ́ kó tó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ta ló ń ràn ẹ́ lọ́wọ́?"

"Lórí kí ni mà?"

"Lórí ọmọ yìí. Lórí ẹkún tó ò ń sun. Lórí oorun tí o kì í rí sùn."

Ṣubúọlá yanu láti dáhùn, ẹkún ló bá jáde. Láti ọjọ́ tó ti bímọ, àwọn èèyàn ti bi í pé kí ló jẹ nínú oyún, ta ló ṣẹ̀, òrìṣà wo ló bínú sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní èyí rí. Mùdáṣírù dìde, ó jáde síta, ó ń díbọ́n bí ẹni tó ń yẹ táyà kẹ̀kẹ́ wò.

"Ṣé ó máa san, mà?" ni Ṣubúọlá béèrè nígbà tó nu ojú tán.

"Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Kì í ṣe ibà tó ń san. Ohun tí ọmọ ẹlòmíì máa kọ́ lọ́jọ́ kan, ó lè gba ọmọ tìẹ ní oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó máa kọ́ ọ. Tó o bá fẹ́ kó fi ṣíbí jẹun, má sọ pé 'jẹun'. Jẹ́ kó kọ́kọ́ di ṣíbí mú. Tó bá dì í mú, pàtẹ́wọ́ fún un, kọrin fún un. Ìyẹn nìkan, títí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, bá a gbé e dé àgbọ̀n. Díẹ̀ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kò lè kọ́ nǹkan kan."

Ṣubúọlá tẹ orí ba.

"Mi ò bá ẹ wí," ni Màmá sọ. "Ẹ̀rù ló so ó, kì í ṣe ìwọ. Àmọ́ o ò lè dá a gbé. Wá àwọn ìyá bíi tìẹ, kẹ́ ẹ máa jókòó pọ̀."

"Mi ò mọ ẹnì kankan bíi tèmi, mà."

Mùdáṣírù húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi mọ̀ wọ́n," ló sọ.

Ìgbà yẹn ni Ṣubúọlá mọ̀ pé iṣẹ́ tó ń ba òun lẹ́rù ni yóò ran òun lọ́wọ́. Yàrá tí àlejò àti àlùfáà kò lè wọ̀, wolé-wolé ń wọ̀ ọ́. Mùdáṣírù ti rí irú Ìbídùn lẹ́yìn agbọ̀n, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ilé ìdáná. Láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, ilé méje ni ọmọ bẹ́ẹ̀ wà tó mọ̀. Kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn ló kàn ń rọra pa dé, tó ń bá tirẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọkàn tó wúwo.

Wọ́n fi ìpàdé sí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ṣubúọlá. Mùdáṣírù lọ bá ìyàwó onílé fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ, àmọ́ obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ ẹmẹ̀rẹ̀ mọ́ létí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan kò wá. Ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ wà lófìfo. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàfú wọlé, ó pọn ọmọ ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó fi aṣọ bò ó látorí délẹ̀. Ó wo Ìbídùn, ó wo Ṣubúọlá, ó sì ṣí aṣọ náà. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú. Ọ̀sẹ̀ kẹta, káfíńtà kan tó ń jẹ́ Ògúndélé wá. Ó ní ìyàwó òun kò fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun ló kan àga pẹlẹbẹ fún gbogbo àwọn ọmọ náà, èyí tí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò le lè jókòó sí láìṣubú.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Mùdáṣírù ń wá. Nígbà tó yá, ó ń wá lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú, láìsí ìdí tó ṣe é sọ.

"Tanwíjí lẹ wá wò lónìí?" ni Ṣubúọlá bi í lọ́jọ́ kan, ó ń yí ẹ̀rọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ pé ọ̀kan wà lójú yín tí kò jẹ́ kí n sùn."

Ṣubúọlá rẹ́rìn-ín títí òwú fi já. Ìyàwó onílé yọjú lójú fèrèsé. Láti ọjọ́ tí ọkọ Ṣubúọlá ti kú, kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Lóṣù kẹjọ, lọ́jọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́ wíńníwínní, Ìbídùn di ṣíbí mú, ó bu ẹ̀kọ, ó gbé e dé ẹnu fúnra rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ìdajì rẹ̀ dà sáyà, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ṣubúọlá pariwo. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ Mùdáṣírù ni òun ti dì mú látìgbà yẹn. Ó fẹ́ fà á kúrò. Ọkùnrin náà kò jẹ́.

"Ṣubúọlá, mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin méjèèjì. Ìbídùn ti gbà ṣáájú ẹ. O ò rí bó ṣe máa ń dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀?"

Ayọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, àmọ́ ẹ̀rù ló ṣáájú rẹ̀. "Ọjọ́ kan á jọ́kan, á rẹ̀ yín," ni Ṣubúọlá wí. "Bàbá ẹ̀ tó bí i gan-an kì í wojú ẹ̀. Ẹ ti sọ fún mi rí pé ẹ ti rí irú ẹ̀. Ta ni?"

Mùdáṣírù wo Ìbídùn. "Àbúrò mi ni, Ràmọ́tà. Kò ju bí Ìbídùn ṣe rí yìí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi pọ̀n ọ́n, wọ́n wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, Màámi nìkan ló padà dé. Mi ò béèrè."

"Títí dòní?"

"Títí dòní. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí."

Ìyá rẹ̀, Àgbékẹ́, ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní Òṣòdì, nítòsí Bọ́ládé. Arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí tẹ̀súbà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Mùdáṣírù sọ fún un pé òun fẹ́ gbé opó kan níyàwó, ó gbàdúrà. Nígbà tó sọ irú ọmọ tí opó náà ní, tẹ̀súbà dúró.

"Ọmọ yẹn kò ní wọlé mi."

"Kí ló dé, Màámi?"

"Mo ní kò ní wọlé mi, Mùdáṣírù!"

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, arúgbó náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìsọlọ̀. Ìbídùn wà nílẹ̀, ó ń ṣa àjákù aṣọ, ó ń kó búlúù sọ́tọ̀, ó ń kó kakí sọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣubúọlá kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Kò jẹ́ ẹ lóhùn. Ó ń wo ọmọ náà, ojú rẹ̀ sì ṣú dùdù.

"Mo mọ ibi tí wọ́n ń gbé irú wọn lọ," ló sọ. Ó yanu bí ẹni tó fẹ́ fi kún un, ó pa á dé, ó yí padà, ó lọ.

Gbólóhùn yẹn wọ Ṣubúọlá lára bí òtútù. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí Mùdáṣírù dé, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé rẹ̀.

"Ẹ máà wá mọ́."

"Ṣubú mi, gbọ́ ná…"

"Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìyá yín ń bà mí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ó yẹ kó bà mí. Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣe ọmọ mi bó ṣe ṣe Ràmọ́tà?"

Mùdáṣírù fẹ́ sọ pé òun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ, àwọn méjèèjì sì rù nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìpàdé Ọjọ́bọ̀ ń lọ, òun kò wá. Àwọn ìyá ọmọ ń béèrè rẹ̀. Ìbídùn náà ń béèrè rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀: á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á na ìka sójú títì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù kẹwàá ni ohun tí Ṣubúọlá ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú lọ́sàn-án gangan. Ó sáré lọ ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà, àjákù aṣọ wà nílẹ̀. Ìbídùn kò sí.

Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo kànga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, omi tó tutù minimini ló rí. Ó pe orúkọ ọmọ tí kì í dáhùn. Gbogbo agbolé tú síta. Ẹni tó ń bọ̀ láti ojú títì ló sọ ọ́: ó rí ìyá arúgbó kan tó wọ ìró aró, ó pọn ọmọ kan sẹ́yìn, ó ń lọ sí ọ̀nà Òṣòdì.

Ṣubúọlá kò rántí bàtà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà tó dé ìdajì ọ̀nà. Ó bá Mùdáṣírù lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Òṣòdì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, tí kakí ṣì wà lára rẹ̀.

"Ìyá yín ti gbé ọmọ mi lọ!"

Ọkùnrin náà kò béèrè pé báwo. Ojú rẹ̀ ṣe bíi ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sáré. Ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé, ó ń dúró níwájú bọ́lẹ̀kájà kọ̀ọ̀kan, ó ń wo àwọn èrò lójú, ó ń bi àwọn awakọ̀. Ìyá arúgbó kan? Ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀? Ọkọ̀ kan ti kúrò, wọn kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ṣubúọlá ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà lọ, tí òjò ti bò mọ́lẹ̀, ó sì ń gbọ́ igbe kan tí kò mọ̀ pé ọ̀fun òun ló ti ń jáde.

"Rélùwéè," ni Mùdáṣírù sọ lójijì. "A ò tíì wo rélùwéè."

Wọ́n rí wọn lábẹ́ páànù ibùdókọ̀ ojú irin. Àgbékẹ́ jókòó lórí bẹ́ńṣì, omi ń kán nídìí ìró rẹ̀. Ìbídùn wà ní itan rẹ̀, ó gbẹ, gèlè arúgbó náà ni wọ́n fi wé e. Ó ń wo ojú irin bí ẹni tó ń retí nǹkan.

"Màámi!" Ohùn Mùdáṣírù já. "Níbo lẹ ń gbé e lọ? Níbo lẹ gbé Ràmọ́tà lọ?"

Ìbéèrè ọdún méjìlélógún nìyẹn. Arúgbó náà gbójú sókè. Ṣubúọlá já ọmọ rẹ̀ gbà, ó rì í mọ́ àyà, ó ń fọwọ́ pa á lórí, lẹ́sẹ̀, ní gbogbo ara, bóyá nǹkan kan ṣe é.

"Mo ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ ni," ni Àgbékẹ́ sọ fún Ṣubúọlá. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Mo bá a láàárín títì. Ọkọ̀ ń bọ̀. Mo gbé e. Mo fẹ́ gbé e wá bá ẹ, kó tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ẹsẹ̀ mi kò yà sọ́dọ̀ ẹ mọ́. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ràmọ́tà ńkọ́?" ni Mùdáṣírù béèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọ́n ní ọkùnrin kan wà lábúlé tó lè wò ó sàn. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Mo padà lọ́jọ́ keje, ahéré ṣófo. Kò sí ọkùnrin, kò sí ọmọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní mo ń lọ ọjà, ibẹ̀ ni mò ń padà lọ. Ọdún méjì ni mo fi wá a. Mi ò lè sọ fún bàbá ẹ. Mi ò lè sọ fún ẹ." Ó yíjú sí Ṣubúọlá. "Lọ́jọ́ tí mo wá sílé ẹ, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mo mọ ibi tí wọ́n ń gbé irú wọn lọ, kó o má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹnu mi kò lè parí ẹ̀. Bí mo ṣe rí i nílẹ̀ yẹn, ó dà bíi pé Ràmọ́tà ló ń wò mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa rí ojú yẹn láràárọ̀ nínú ilé mi?"

Ọkọ̀ ojú irin dé, ó kọjá, ilẹ̀ mì. Ìbídùn pàtẹ́wọ́. Ariwo náà lọ tán. Ṣubúọlá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá. Ìbínú rẹ̀ kò tíì kúrò, ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò, ṣùgbọ́n ó ń wo obìnrin tó tutù rinrin níwájú rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí kò sẹ́ni tó bi í rí pé ta ló ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màmá, òtútù ń mú yín," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì sí i, Àgbékẹ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìsọlọ̀, ó jókòó láàárín àwọn ìyá ọmọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo wọn, látorí ọkọ̀ dé orí ahéré tó ṣófo. Ìyá Sàfú ṣubú lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn àna rẹ̀ fẹ́ mú un lọ bá ọkùnrin kan tó máa wo Sàfú sàn. Kò lọ mọ́. Ìyàwó Ògúndélé náà wá lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sí igun, ó sunkún, ó sì padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Wọ́n so yìgì Mùdáṣírù àti Ṣubúọlá lóṣù kìíní ọdún tuntun, ní ilé àbúrò bàbá ìyàwó ní Ìsọlọ̀. Ayẹyẹ náà kò tóbi: lèmọ́mù, àwọn ẹbí, Màmá Ọmọ́níkẹ́, àti àwọn òbí Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, tí wọn kò fi aṣọ bò lójú ọ̀nà. Ọmọ kan pariwo láàárín àdúrà. Lèmọ́mù dúró dè é títí tó fi parí, ó wá ń bá àdúrà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn èrò ti dín kù, Mùdáṣírù bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó dúró láìwo ibì kan pàtó.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Lónìí náà?"

"Lónìí gan-an. Ara mi balẹ̀ tán ni mo wá rántí pé a máa kú lọ́jọ́ kan. Ọmọ míì á dàgbà, á lọ sílé ọkọ. Ta ló máa mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n dúró de Ìbídùn? Ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún un?"

Láti inú ilé, wọ́n ń gbọ́ ohùn Àgbékẹ́ tó ń kọ́ Ìbídùn bó ṣe máa na ọwọ́ sínú abọ́ omi ìfọwọ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

"Ẹ̀rù ẹ̀ ń ba èmi náà," ni Mùdáṣírù sọ níkẹyìn. "Mi ò ní sọ fún ẹ pé kò bà mí. Ṣùgbọ́n mo bá Ògúndélé sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, òun náà ń bẹ̀rù fún ọmọ tirẹ̀. Gbogbo wa ló ń bà. A ti pinnu pé ẹni tó bá kẹ́yìn nínú wa, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo wọn á máa gbé. Màámi ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ òun."

"Màámi tó ti darúgbó?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun kò tíì lè kú, pé òun jẹ ẹnì kan ní gbèsè ọdún méjìlélógún."

Ṣubúọlá bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì; Mùdáṣírù kò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Méjèèjì ni. Ó fà á mọ́ra.

"Èmi ò lè lé ẹ̀rù lọ fún ẹ, ìyàwó mi," ló sọ sí i létí. "Àmọ́ láti òní lọ, o ò ní dá bẹ̀rù mọ́."

Obìnrin náà fi orí lé àyà rẹ̀. "Olówó orí mi," ló pè é, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ jẹ́ ká wọlé. Omi yẹn á ti máa dà sí Màámi lára."